Ìyá Mi Kì í Ṣe Ọlọ́tí

Ọgọ́rùn-ún pósítà ìsìnkú ni òǹkọ̀wé yìí, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè ní Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà, tẹ̀ fún ẹbí kan l'Ókukù. Odindi ọgọ́rùn-ún náà ni wọ́n dá padà. Àrẹ̀mọ olóògbé, bàbá tóun fúnra rẹ̀ ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, gbé awò sójú, ó ń ka oríkì abẹ́ àwòrán náà bọ̀, ó wá dúró.

"Ọmọ mi, kí lo kọ síbí?"

"Orúkọ odò wa ni, Bàbá."

"Odò wo ló ń jẹ́ ọtí? Ìyá mi kì í ṣe ọlọ́tí o!"

Bàbá kò jẹ̀bi. Ọ̀tìn ni odò náà, òun ni ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, tí Òkukù jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, fi ń jẹ́ orúkọ. Àmọ́ àmì orí àti ti ìdí ti já bọ́ lójú ọ̀nà, "Otin" ló kù, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wa ṣe máa ń kọ ọtí. Ìlú yìí kan náà ni Karin Barber, ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, ti wá gbé, tó gba oríkì wọn sílẹ̀, tí ìwé rẹ̀ lórí oríkì àti àwọn obìnrin ìlú náà jáde ní 1991. Àwọn ará òkèèrè ń ka oríkì Òkukù ní yunifásítì, ìsọ̀ kan ní Òkukù kò sì lè tẹ orúkọ odò ìlú rẹ̀.

Nígbà táìpùráítà, èyí kì í ṣẹlẹ̀. Ìkìrun ni òǹkọ̀wé yìí ti kọ́ṣẹ́. Bí ìwé bá ti jáde lára ẹ̀rọ, ọ̀gá rẹ̀ á mú báírò, á máa fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ náà lọ́ra, ṣùgbọ́n orúkọ kì í ṣì. Kọ̀ǹpútà dé, báírò kúrò ńlẹ̀, àmì bá báírò lọ.

Wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 2006, ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ ìmọ̀ àbójútó iṣẹ́ àti ìmọ̀ àwùjọ sì bọ́ sí Òkukù. Ìgbà náà ni táìpù di iṣẹ́ àṣemọ́jú. Sọ́fítíwíà tí òǹkọ̀wé yìí ń lò kò sì mọ́: sídíì olówó pọ́ọ́kú ni, tí wọ́n kọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí i sára páálí rẹ̀. Ẹni tó bá ra ayédèrú, fáírọ́ọ̀sì ni èènì rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sáré láti fi prójẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, prójẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ló pòórá. Ó tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ láìgba kọ́bọ̀.

Agùnbánirọ̀ kan tó wá tẹ ìwé ló gbé fíláàṣì fún un. LibreOffice wà nínú rẹ̀ fún ìwé títẹ̀, GIMP fún fọ́tò, Inkscape fún pósítà.

"Nọ́ńbà tí n ó fi ṣí i ńkọ́?"

"Kò ní nọ́ńbà, sà. Ọ̀fẹ́ ni."

Kò gbà á gbọ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló mọ̀ pé àgbà ni LibreOffice lágboolé sọ́fítíwíà. Jámánì ni wọ́n bí i sí, níbi tí Marco Börries, ọmọ ọdún 16, ti dá ilé iṣẹ́ StarDivision sílẹ̀ ní 1985. Ilé iṣẹ́ Sun ní Amẹ́ríkà rà á ní 1999, ó sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí Sun bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Oracle, àwọn tó ń fínnúfíndọ̀ ṣiṣẹ́ náà kó tiwọn jáde ní 2010, wọ́n sọ ọ́ ní LibreOffice.

Fíláàṣì náà nìkan kò wo àrùn Ọ̀tìn sàn. Ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn nínú Unicode, ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé jùmọ̀ ń lò. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Ṣe ni kọ̀ǹpútà ń gbé àmì lé orí lẹ́tà, bí fọ́ǹtì kò bá sì mọ ibi tí yóò gbé e kà, á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí kó di àpótí òfìfo. Fọ́ǹtì Charis SIL àti Gentium, ọ̀fẹ́ méjèèjì, wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n gbé. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ náà ti wà: Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní YorubaName, ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá orí ayélujára, ṣe kíbọọ̀dù Yorùbá, wọ́n sì fi í tọrẹ. Lójú òǹkọ̀wé yìí, nínú gbogbo ohun ọ̀fẹ́ tó ti kan ìsọ̀ rẹ̀, kò sí èyí tó tó ìyẹn.

Àwọn yòókù wúlò níwọ̀n. Ó ṣe búlọ́ọ̀gì nígbà kan, torí pé Blogspot kì í gbowó, orí rẹ̀ sì ni Linda Ikeji, gbajúmọ̀ oníbúlọ́ọ̀gì, ti bẹ̀rẹ̀ ní 2006. Ṣùgbọ́n ilé onílé ni: ní Oṣù Kẹwàá 2014, wọ́n ti búlọ́ọ̀gì Linda fúnra rẹ̀ pa fúngbà díẹ̀. WordPress, tó jáde ní 2003, jẹ́ tẹni. Síbẹ̀ ẹ ó sanwó àdírẹ́sì àti ti ibi tí yóò máa gbé lọ́dọọdún. Ìyá tó ń ta gààrí ní Ìnísà kò nílò rẹ̀. WhatsApp Business, tó dé ní 2018, tó o: á ya fọ́tò ọjà, á kọ iye rẹ̀ sí i, ó parí.

Láti Oṣù Kẹfà 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀, tí dọ́là gbéra ní nǹkan bíi ₦460 tó sì kọjá ₦1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó tún ń bi òǹkọ̀wé yìí léèrè ìdí tó fi ń lo ọ̀fẹ́. Owó epo jẹnẹrétọ̀ àti ti dátà kò kúkú bá a ṣe ọ̀fẹ́.

Àwọn ọmọ ti ń fi Canva ṣe pósítà fúnra wọn lórí fóònù báyìí, oníbàárà rẹ̀ sì dín kù. Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp: "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fàmì sí orúkọ màmá àgbà." Orúkọ mẹ́ta ni. Ó fàmì sí i, ó dá a padà.

"Ẹ ṣé, sà. Èló ni?"

Ó wo fóònù náà títí. Kò ní iye kankan fún un nínú ìwé ìdíyelé rẹ̀.