Ìlú Abẹ́ Àpáta ní Mesa Verde

Ọlọ́hun Ọba fẹ́ kí a máa rìn lórí ilẹ̀, kí a sì wo ohun tí àwọn ará ìṣáájú fi sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ bá mi ká lọ sí Mesa Verde, ní ìpínlẹ̀ Colorado, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Bí ẹ bá dúró sórí òkè tí ẹ wo òdì kejì àfonífojì, ẹ ó rí odidi abúlé nínú ihò àpáta, bí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ti ń mọ ilé sábẹ́ òrùlé. Cliff Palace ni wọ́n ń pè é. Yàrá rẹ̀ tó 150. Ó lé ní 700 ọdún tí àwọn baba ńlá àwọn Pueblo ti fi òkúta àti amọ̀ mọ ọ́n. Wọ́n ń gbin àgbàdo, ẹ̀wà àti elégédé sórí òkè, wọ́n sì ń sin tólótòló. Ẹ̀yin ìyá, ẹ ó dá ọlọ wọn mọ̀ lójú ẹsẹ̀: àgbàdo ni wọ́n ń lọ̀ lórí rẹ̀, lílọ̀ ti jẹ àárín rẹ̀ kòtò.

Ọ̀dá dá láti 1276 títí di 1299. Kí 1300 tó pé, wọ́n ti kó lọ sí gúúsù. Wọn kò run o: àwọn Hopi àti Zuni wà lára àwọn ọmọ wọn títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín. Mo rí àpáàdì kékeré kan nílẹ̀, tí wọ́n fi dúdú ya ọnà sí lára. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú un, mo ní n ó fi han àwọn ọmọ ilé-kéwú mi. Amọ̀nà wa rọra ní kí n dá a padà síbi tí mo ti rí i gan-an, nítorí ó ní àwọn tó ni ín. Ojú tì mí: èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀rọ̀ àmánà!

Irú ìmú bẹ́ẹ̀ ti dá ọgbẹ́ sílẹ̀ rí. Ní 1891, Gustaf Nordenskiöld ará Sweden wa ilẹ̀ níbẹ̀, ó sì kó ẹrù púpọ̀ lọ, títí kan egungun òkú. Ní 1906 ni ìjọba fi òfin dáàbò bo ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Finland ni àwọn egungun náà wà títí di 2020, kí wọ́n tó dá òkú ènìyàn 20 padà, tí àwọn ọmọ wọn sì tún wọn sin.

Àwa Mùsùlùmí mọ ọ̀wọ̀ sàréè. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá mú ohunkóhun wálé, ìbáà kéré bí àpáàdì, ẹ bi í léèrè: ta ló ni ín? Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí a lè pa àmánà mọ́. Àmín.