Ẹnu Ọ̀nà Tí Kálukú Gbà Wọlé

Ìyá Aláṣọ ń tajà ní Gbági Tuntun, nílùú Ìbàdàn. Òun náà ló ń kó àjọ fún àwọn obìnrin ìsọ̀ wọn. Àfi Mẹ́kà tó lọ ṣe Hájì, kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ òkèèrè rí. Àkàndé, àbúrò rẹ̀, ti padà wálé láti Amẹ́ríkà. Minneapolis ní ìpínlẹ̀ Minnesota ló gbé, ṣùgbọ́n Houston ni ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà, ó sì máa ń lọ síbẹ̀.

ÌYÁ ALÁṢỌ: Àkàndé, ọmọ Ìyá Ráṣídà tó ń gbé Houston wá ṣe ìyàwó lóṣù tó kọjá. Ó ní nínú gbogbo ará Áfíríkà tó wà ní Amẹ́ríkà, àwa ọmọ Nàìjíríà la mọ̀wé jù, àwa la sì rí já jẹ jù. Ó ní àwọn ará Sòmálíà tí ìwọ ń bá gbé, owó ìjọba ni wọ́n ń jẹ. Ṣé òótọ́ ni?

ÀKÀNDÉ: Ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣẹ́kù. Ti ìwé yẹn, kò parọ́. Nínú àgbàlagbà mẹ́wàá tí wọ́n bí ní Nàìjíríà tí wọ́n ń gbé Amẹ́ríkà, nǹkan bí mẹ́fà ló ní dìgírì. Bí ẹ bá ka mẹ́wàá nínú àwọn onílùú, ẹ ò ní rí ju mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Ní ti àwọn ará Sòmálíà ní Minnesota, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà ṣírò rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2014, ó ju ìdajì wọn lọ tó wà nínú òṣì gẹ́gẹ́ bí òfin Amẹ́ríkà ṣe ń wọn òṣì. Owó tó ń wọ ilé wọn kò tó ìdajì èyí tó ń wọ ilé àwọn yòókù ní ìpínlẹ̀ náà.

ÌYÁ ALÁṢỌ: Ọmọ yẹn ò purọ́ nìyẹn.

ÀKÀNDÉ: Kò purọ́, àárín ìtàn ló ti bẹ̀rẹ̀. Èmi náà wà nínú àwọn mẹ́fà yẹn. Dìgírì ìṣirò-owó láti Ifẹ̀ ni mo gbé dání. Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ fi ṣe ńkọ́? Lóru, mo ń wẹ̀ fún arúgbó, mo ń pààrọ̀ ilédìí wọn. Lójúmọmọ, mo ń wa takisí.

ÌYÁ ALÁṢỌ: Takisí! Ìwọ tí o máa ń wọ agbádá wálé lọ́dún Iléyá?

ÀKÀNDÉ: Agbádá ò ní kéèyàn má wa takisí, ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n bá ń ka alákọ̀wé, wọ́n á kà mí mọ́ ọn. Wọn kì í béèrè ohun tí mo ń fi ìwé náà ṣe. Dókítà tó bá ti ibí lọ gbọ́dọ̀ tún ìdánwò wọn ṣe, kó tún lo ọdún mélòó kan lábẹ́ àwọn ọ̀gá ní ọsibítù wọn, kó tó lè dá aláìsàn tọ́jú. Àwọn kan yege, wọ́n ń gbádùn. Àwọn kan ò yege. Àwọn tó yege ni ẹ máa ń rí níbi ìyàwó.

ÌYÁ ALÁṢỌ: Ó dáa. Àwọn ará Sòmálíà wá ńkọ́? Mùsùlùmí bíi tiwa ni wọ́n, mo sì rí wọn ní Mẹ́kà, ẹni tó mọ òwò ni wọ́n. Kí ló fà á tí wọ́n fi wà lẹ́yìn? Àbí ọ̀lẹ ni wọ́n?

ÀKÀNDÉ: Ẹ jẹ́ ká wo ẹnu ọ̀nà tí kálukú gbà wọlé. Àwọn tiwa tó kọ́kọ́ lọ, ìwé ni wọ́n bá lọ. Ní 1965, Amẹ́ríkà yí òfin ìwọ̀lú rẹ̀ padà, ó ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí kì í ṣe ará Yúróòpù. Nígbà tí owó epo ń ṣàn níbí láàárín 1970 sí 1980, ìjọba ń fún ọmọ ní síkọ́láṣíìpù, òbí tó lówó náà ń rán tirẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ wọn gba Texas Southern University lọ ní Houston. Iṣẹ́ epo pọ̀ níbẹ̀, òtútù ò mú, ilé ò sì gbówó lórí. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ìjọba, dé ní 1986 tí náírà ṣubú, àwọn tó ti ní àwọn ń bọ̀ wálé tún èrò ara wọn pa. Lẹ́yìn náà ni lọ́tìrì físà bẹ̀rẹ̀ ní 1995, èyí tó gbé èmi náà lọ. Lọ́tìrì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá jáde ilé-ìwé girama, tí kò sì ní iṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí, kò lè jẹ ẹ́. A jẹ ẹ́ títí a fi pọ̀ jù. Láti ti ọdún 2015 ni wọ́n ti yọ Nàìjíríà kúrò nínú rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: kí àwọn èèyàn wa tó wọ bàálù ni Amẹ́ríkà ti ṣa èyí tó fẹ́.

ÌYÁ ALÁṢỌ: Wọn ò ṣa ti Sòmálíà?

ÀKÀNDÉ: Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lé eku. Ní oṣù kìíní ọdún 1991 ni ìjọba Siad Barre wó, ogun abẹ́lé sì gba ìlú. Ọ̀pọ̀ èèyàn fẹsẹ̀ rìn wọ Kẹ́ńyà. Àgọ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Dadaab. Àwọn kan wà tí wọ́n bí síbẹ̀, tí wọ́n dàgbà síbẹ̀, tí wọ́n tún bímọ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń yan ẹni tó máa lọ sí Amẹ́ríkà, wọn ò béèrè ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń béèrè ohun tí ogun ṣe fún un. Opó ọlọ́mọ mẹ́fà á dé Minneapolis nínú yìnyín, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti jẹ gbèsè, torí pé wọ́n yá a ní owó bàálù tó gbé e wá.

ÌYÁ ALÁṢỌ: Wọ́n yá ẹni tí ogun lé lówó bàálù?

ÀKÀNDÉ: Kò ní èlé, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ san án.

ÌYÁ ALÁṢỌ: Kí ló gbé wọn dé ibi tí òtútù mú tó bẹ́ẹ̀?

ÀKÀNDÉ: Àwọn ìjọ Lutheran àti Kátólíìkì ibẹ̀ ti ń gba ẹni tí ogun lé tipẹ́. Iṣẹ́ sì wà. Ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń pa tòlótòló wà ní Marshall, ìlú kékeré kan ní Minnesota. Ẹni tó ń gé ẹran láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ò nílò Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀. Ẹnì kan ríṣẹ́, ó pe ìbátan rẹ̀. Ìbátan pe ìbátan. Nígbà tó yá, wọ́n kún Cedar-Riverside ní Minneapolis, nínú àwọn ilé gogoro aláwọ̀ mèremère tí wọ́n kọ́ parí ní 1973. Lónìí, kò síbi tí wọ́n pọ̀ tó Minnesota ní gbogbo Amẹ́ríkà. Owó ìjọba tí ọmọ Ìyá Ráṣídà sì ń sọ, òfin 1980 ló fi ìrànlọ́wọ́ ìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ogun lé. Kò sí irú rẹ̀ fún àwa tí a fi físà wọlé. Kì í ṣe pé wọ́n fún wa, a wá kọ̀ ọ́.

ÌYÁ ALÁṢỌ: Mo gbọ́, ṣùgbọ́n kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ó lè jẹ́ ẹnu ọ̀nà, ó sì lè jẹ́ pé bí orí kálukú ṣe pé tó nìyẹn. Báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀?

ÀKÀNDÉ: Ẹ pa ẹnu ọ̀nà wọn dà, kí ẹ wò ó. Ẹ lọ sí Eastleigh ní Nairobi. Ará Sòmálíà náà ni wọ́n, ogun kan náà ló lé púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ò jìnnà sílé, àwọn ẹ̀yà wọn tó jẹ́ ọmọ Kẹ́ńyà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀nà òwò sì là láti Dubai dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n fi aṣọ, wúrà àti fóònù kọ́ ilé ìtajà alájà púpọ̀ síbẹ̀. Gbogbo Nairobi ń lọ rajà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ wá padà wo tiwa ní Ítálì. Ní 2016, ọmọ Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó gba orí òkun láti Líbíà wọ Ítálì, nǹkan bí 37,000 èèyàn. Àwọn kan ń ká tòmátò nínú oko olóko. Àwọn kan dúró lẹ́nu ọ̀nà súpámákẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń na fìlà sí oníbàárà. Tó bá jẹ́ orí ló ń fún wa lówó ní Houston, kí ló dé tí orí ọ̀hún ò ṣiṣẹ́ ní Ítálì?

ÌYÁ ALÁṢỌ: Ìyẹn wọ̀ mí létí. Àwọn obìnrin wọn ní Minneapolis ńkọ́? Ṣé ilé gogoro yẹn ni wọ́n jókòó sí?

ÀKÀNDÉ: Kí ẹ dé Karmel Mall! Ṣọ́ọ̀bù ló wà lọ́tùn-ún lósì, obìnrin ló sì ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n ń ta dirac, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń lọ sóde ìyàwó. Wọ́n ń ta wúrà, tùràrí, sàmúsà. Onídìrí ń dirí, mọ́sálásí wà nínú ilé náà. Ọ̀pọ̀ wọn ò jẹ́ yá owó èlé, torí ẹ̀sìn. Àjọ ni wọ́n ń dá, ayuuto ni wọ́n ń pè é. Obìnrin mẹ́wàá sí ogún á máa dá iye kan lóṣooṣù, ẹnì kan á kó o.

ÌYÁ ALÁṢỌ: Ta ló ń kọ́kọ́ kó o?

ÀKÀNDÉ: Wọ́n máa ń tò ó, ṣùgbọ́n bí ìṣòro bá dé bá ẹnì kan, wọ́n lè jẹ́ kó kó o ṣáájú.

ÌYÁ ALÁṢỌ: Bí mo ṣe ń ṣe é gan-an nìyẹn. Ẹ̀yin alákọ̀wé ńkọ́?

ÀKÀNDÉ: Àwọn kan nínú wa ń dá a. Ṣùgbọ́n báǹkì lọ̀pọ̀ wa gbójú lé. Ilé orí gbèsè ọgbọ̀n ọdún, mọ́tò orí gbèsè, owó ilé-ìwé ọmọ orí gbèsè. Ilé ńlá tí ẹ ń rí nínú fọ́tò yẹn, báǹkì ṣì ni èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. A tún fọ́n káàkiri; oníkálukú ń wá àdúgbò tí ilé-ìwé rẹ̀ dáa. Àwọn ará Sòmálíà wà lójú kan, ìbò wọn sì wúwo. Ilhan Omar, tó lo ọdún mẹ́rin ní àgọ́ ní Kẹ́ńyà nígbà èwe rẹ̀, wọlé ìbò sí ilé aṣòfin Minnesota ní 2016, ó sì wọlé ìbò sí ilé aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà ní 2018. Houston tí alákọ̀wé wa kún inú rẹ̀ ò tíì rán ọ̀kan nínú wa lọ síbẹ̀.

ÌYÁ ALÁṢỌ: Ta ló wá ń fowó ránṣẹ́ sílé jù?

ÀKÀNDÉ: Owó tí àwọn tó wà lókèèrè ń fi ránṣẹ́ sí Nàìjíríà tó nǹkan bí ogún bílíọ̀nù dọ́là lọ́dún. Ti Sòmálíà lé ní bílíọ̀nù kan. Ṣùgbọ́n àwa ju igba mílíọ̀nù èèyàn lọ, a sì ní epo; àwọn tó nǹkan bí ogún mílíọ̀nù, owó yìí sì ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń jẹun. Ní ìparí 2011, báǹkì tó ń bá wọn fowó ránṣẹ́ láti Minnesota dáwọ́ dúró. Ó ń bẹ̀rù òfin tí wọ́n fi ń dènà owó àwọn apániláyà. Ọdún tí ìyàn mú ní Sòmálíà gan-an ni. Ẹni tó ń pa tòlótòló yẹn, ilé méjì ló ń bọ́. Bí wọ́n bá ń pè é ní òtòṣì, ẹ rántí ìyẹn.

ÌYÁ ALÁṢỌ: Ó yá, jẹ́ kí èmi tí mi ò lọ síbì kankan náà sọ tèmi. Ìwọ ń sọ ẹnu ọ̀nà. Ta ló kó yín dé ẹnu ọ̀nà ọ̀hún? Bàbá wa ò mọ̀wé. Ní 1955 tí Awólọ́wọ̀ ní kí ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn lọ sílé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀gbọ́n wa àgbà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé. Ìran yẹn ló kàwé débi tí wọ́n fi rán wọn lọ sókè òkun. Ìwọ alára, èló lo san ní Ifẹ̀? Owó táṣẹ́rẹ́! Owó kòkó, owó epo, owó orí àwọn tó wà nílé la fi kọ́ yín. Ìpìlẹ̀ ilé Houston, ibí la ti fi lélẹ̀. Òrùlé ni Amẹ́ríkà fi lé e. Àwọn tí ìjọba wọn wó ní 1991, ta ló kù tó máa fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ fún ọmọ wọn?

ÀKÀNDÉ: Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Minnesota báyìí gbè yín lẹ́yìn. Ìjọba ibẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọ Sòmálíà tí wọ́n bí síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, olùkọ́ wà, lọ́yà wà. Ìyá wọn ṣì ń rọ́jú nílé ìkẹ́rùsí, ṣùgbọ́n òṣì wọn ti ń dín kù.

ÌYÁ ALÁṢỌ: Wàyí o, àwa ńkọ́? Ní 2022, yunifásítì ìjọba wà ní títì fún oṣù mẹ́jọ nítorí ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì. Ọmọ tí a kọ́ dé Houston. Ọmọ tí a ò kọ́ gba Líbíà lọ.

ÀKÀNDÉ: Ẹ má gbé gbogbo rẹ̀ lé ìwé, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó ní ìwé-ẹ̀rí wà nínú ọkọ̀ ojú omi yẹn náà. Ìwé láìsí iṣẹ́ ló lé wọn.

ÌYÁ ALÁṢỌ: O wí ire. Ìwọ tí o wá dé yìí, kí lo fẹ́ fi owó rẹ ṣe?

ÀKÀNDÉ: Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ ṣe. Mo fẹ́ dá ilé ìtọ́jú arúgbó sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló wà ní Ìbàdàn tí gbogbo ọmọ wọn wà lókè òkun.

ÌYÁ ALÁṢỌ: Ta lo máa gbà síṣẹ́?

ÀKÀNDÉ: Àwọn tó jáde ilé-ìwé nọ́ọ̀sì.

ÌYÁ ALÁṢỌ: Wọ́n á lò ọ́ fún ọdún kan, wọ́n á gba físà. Àwọn ọmọ tí ò rílé-ìwé lọ ńkọ́?

ÀKÀNDÉ: Mo lè kọ́ wọn. Bí èmi náà ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

ÌYÁ ALÁṢỌ: Kọ́ wọn, kí o sì san owó tó lè gbé wọn ró nílé. Bó o bá ti ṣe tán láti sanwó, wá bá mi ní Gbági. Mo mọ méjì tó ń tọ́jú owó tí wọ́n fẹ́ fi gba Líbíà lọ.