Oòrùn Kan Náà: Ọjà Ni Tàbí Ìjọba?

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi òwe yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ṣùgbọ́n n kò mọ bó ti jinlẹ̀ tó títí di ìgbà tí mo pa ẹ̀rọ amúnáwá mi tì, tí mo gbé páńẹ́lì sólà sórí òrùlé.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Lítà epo tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Owó oṣù olùkọ́ kò lè sáré bá a. Mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù, mo ra páńẹ́lì, bátìrì àti ínfátà.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà náà, n ó ní ọjà ló lé mi dé ìdí oòrùn; kò sí aṣojú ìjọba kankan tó wá bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n kí ló mú kí apá olùkọ́ ká páńẹ́lì? Ní ọdún 2000, Jámánì ṣe òfin pé ẹni tó bá fi oòrùn tàbí afẹ́fẹ́ pèsè iná yóò máa rí i tà ní iye tí òfin là sílẹ̀, fún 20 ọdún. Ọkàn àwọn èèyàn balẹ̀, wọ́n ń ra páńẹ́lì nígbà tó ṣì wọ́n bí ojú. Ìjọba Ṣáínà náà ti àwọn ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n ń ṣe é lọ́pọ̀ yanturu. Láàárín ọdún 2010 sí 2020, iye owó páńẹ́lì já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Òfin ló gbin igi tí ọjà ń ká èso rẹ̀.

Àṣẹ ìjọba náà ló sọ epo di ọ̀wọ́n nílé wa. Ṣùgbọ́n òfin Jámánì la ọ̀nà tuntun. Tiwa dí ọ̀nà àtijọ́, ó sì fi àtila ọ̀nà tuntun sílẹ̀ fún àpò oníkálukú.

Ìyá kan tó ń ta ẹja dídì ládùúgbò wa wá kí mi kú oríire. Ó wo òrùlé mi títí, ó ní, "Tíṣà, ṣebí oòrùn kan náà ló ń ràn lórí yín tó ń ràn lórí tèmi?" N kò rí èsì fọ̀. Fìríìsà rẹ̀ nílò iná ju gbogbo ilé mi lọ, kò sì ní owó oṣù tí wọn yóò máa yọ gbèsè nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọwọ́ ọjà ló ń wọ akèrègbè: ó mọ ohun tí ilé kọ̀ọ̀kan ń fẹ́, ó sì ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n owó tí yóò gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó padà wá, àti ẹ̀yáwó tí kò ní fọ́ ìyá ẹlẹ́ja lórí, orí pẹpẹ ni wọ́n wà. Ọwọ́ àgbà ló tó o. Kí àgbà náà nà án.