Ohùn Tó Jáde Lára Ọ̀rá ní Huntingdon

Huntingdon, ìlú kékeré létí odò Great Ouse ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí Oliver Cromwell, ṣùgbọ́n kì í ṣe tirẹ̀ ni mo bá lọ. Ibẹ̀ ni Peter Walker kó ilé iṣẹ́ rẹ̀ wá nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lẹ́yìn tí bọ́ǹbù bà á jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni sípíkà Quad alámọ̀ọ́rá ti jáde ní 1957.

Bàbá kan tó ń tún irú rẹ̀ ṣe tú ọ̀kan hàn mí. Ọ̀rá tí kò nípọn tó irun orí ni wọ́n ta bí awọ ìlù sáàárín páànù oníhò méjì. Iná ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì dúró lára ọ̀rá náà. Bí orin bá dé ara páànù, ọ̀kan á fà á, èkejì á tì í, afẹ́fẹ́ á sì di ohùn. Iná àpọ̀jù lè dá ihò sí i lára.

Àwo Haruna Ishola tí bàbá mi fi sílẹ̀ kó tó papò dà ni mo mú lọ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe gbé e kalẹ̀. Mo gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ hóró hóró; mo gbọ́ èémí olórin láàárín ọ̀rọ̀, èyí tí n kò gbọ́ rí nílé wa. Àgídìgbo nìkan ni kò rinlẹ̀ tó, nítorí irú sípíkà yìí kò lágbára ohùn ìsàlẹ̀. Bàbá náà kò jiyàn. Ó ní kí n yí àwo náà sí ojú kejì.