Ọ̀rọ̀ Balógun Paras

Ẹ̀yin èèyàn mi, kíríkẹ́ẹ̀tì ni mo gbé dé lónìí, ti Nepal sì ni. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín jàre.

Paras Khadka lọkùnrin náà ń jẹ́. Òun ni balógun tó kó wọn lọ sí ife àgbáyé T20 lọ́dún 2014, ìgbà àkọ́kọ́ wọn nìyẹn.

Ibi tó ká mi lára rèé. Lọ́dún 2016, àjọ ICC gbẹ́sẹ̀ lé àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì Nepal, torí ìjọba ń tọwọ́ bọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀. Àwọn àgbà ń jà sípò, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù wọn lọ. Inú wàhálà yẹn náà ni wọ́n ti gba ipò ODI ní 2018! Ní January 2019, Paras gba àmì 115 lọ́wọ́ UAE. Kò tíì sí ọmọ Nepal tó pé ọgọ́rùn-ún rí nínú ODI.

October ọdún yẹn, ICC tú wọn sílẹ̀. Kí ni Paras ṣe? Ó ní òun ò ṣe balógun mọ́. Hàà! Ká ní èmi ni, mi ò ní kúrò nídìí ìkòkò nígbà tí ọbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná.

Ó fẹ̀yìn tì ní 2021. Nígbà tó yá, wọ́n dìbò yàn án ṣe akọ̀wé àjọ náà gan-an.