Ilé Ìkàwé ní Abẹ́òkúta: Ta Ni Yóò Máa Gbọ́ Bùkátà Rẹ̀?

Àlejò tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Abẹ́òkúta, Olúmọ ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Yóò gun àpáta náà dé òkè, yóò sì rí ìlú nísàlẹ̀ bí ó ti tẹ́ lọ rẹrẹ, tí òrùlé páànù tí ó ti dípẹtà ń tẹ̀lé ara wọn láti orí òkè kan dé orí òkè kejì. Wọn yóò sọ fún un bí àwọn Ẹ̀gbá ti tẹ ìlú náà dó ní 1830 lábẹ́ Ṣódẹkẹ́, nígbà tí ogun lé wọn kúrò ní ìlú wọn àtijọ́, àti bí àpáta ńlá náà ti di ibi ààbò fún wọn. Lẹ́yìn èyí yóò sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìtọ́kú, yóò ra àdìrẹ, yóò sì padà sí ilé rẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Ìrìn àjò tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí ìyá ọlọ́mọ lè gbà la ìlú yìí já, èyí tí í ṣe ọ̀nà tí ìwé gbà wọ ibẹ̀. Láti Aké ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, a ó yà ní Kútọ̀, a ó sì parí rẹ̀ ní Òkè-Mósàn. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè kan náà ni a ó máa bi ara wa: ta ni ó ń sanwó rẹ̀, ta ni ó sì ń tọ́jú rẹ̀?

Ní Aké ni ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ wà. Ní Abẹ́òkúta yìí náà ni Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ C.M.S., gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ sí, tí ó sì fi tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní 1859. Ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ni ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí, èdè Yorùbá ni a sì fi kọ ọ́ fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. 120 owó ẹyọ ni wọ́n ń ta ẹyọ kan. Ìwé náà jẹ́ ohun ìyanu nígbà náà, síbẹ̀ kò ju ọdún 8 lọ láyé. Ní 1867, nígbà tí ìjà Ifọ́lé bẹ́ sílẹ̀, a lé àwọn òyìnbó kúrò ní ìlú, Ìwé Ìròhìn sì kú pẹ̀lú lílọ wọn. Ọwọ́ àwọn díẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Nígbà tí àwọn díẹ̀ náà lọ, kò sí ẹni tí ó lè gbé e ró. Kí ìwé dé ìlú kan, ọ̀tọ̀ ni. Kí ó dúró níbẹ̀ títí, ọ̀tọ̀ ni.

Bí a bá wọ ọkọ̀ láti Aké lọ sí Kútọ̀, a ó bá Ilé Ìkàwé Simeon Adebo níbẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Olóyè Simeon Adebo, a bí i ní 1913, ó sì di ọlọ́jọ́ ní 1994. Òun ni ó jẹ́ olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, kí ó tó lọ ṣe aṣojú orílẹ̀-èdè wa ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti 1962 títí dé 1967. Àwọn ìyá wa àgbà yóò rántí ìgbìmọ̀ tí ó ṣe olórí fún ní 1970 sí 1971, èyí tí ó yẹ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wò. Ẹni tí ó mọ bí a ti í wọn owó àti bí a ti í pín in ni. Ó bá a mu pé ilé ìkàwé ni a fi orúkọ rẹ̀ pè, nítorí pé ilé tí owó kì í tán lórí rẹ̀ ni ilé ìkàwé.

Ẹ jẹ́ kí a ronú sí ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún ìdílé tí ó ń gbé inú yàrá kan ṣoṣo. Bàbá ń gbọ́ rédíò, ọmọ ọwọ́ ń ké, iná ìjọba ti lọ, ọmọ tí yóò ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá kò sì ní tábìlì tí yóò gbé ìwé lé. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ilé ìkàwé ni tábìlì, òun ni fìtílà, òun náà ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bí a bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ọmọ olówó yóò ra ìwé tirẹ̀ sílé. Ọmọ tálákà ni ilẹ̀kùn náà tì mọ́.

Ní Òkè-Mósàn ni ibùdó kẹta wà, ìyẹn ilé ìkàwé ńlá tí a fi orúkọ Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ pè. Ní 2005, nígbà tí ó ṣì wà ní ipò ààrẹ, ni a ṣe ìkówójọ fún un, a sì ṣí i ní 2017. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà nínú ọgbà náà, hòtẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀, gbọ̀ngàn àpèjẹ àti ibi ìgbafẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àlejò tí ó sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì a sanwó, ẹni tí ó ṣe ìyàwó nínú gbọ̀ngàn a sanwó. Àwọn tí ó dá a sílẹ̀ mọ̀ pé ọrẹ ọjọ́ ìkówójọ kò lè bọ́ ilé fún ogún ọdún. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, wọ́n sì wá ohun tí yóò máa yí kẹ̀kẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n ilé ìkàwé kékeré ti gbogbo ènìyàn, irú èyí tí ó yẹ Òdèdá tàbí Ọbáfẹ́mi-Òwódé, kò lè kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì. Bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ òǹkàwé ní ẹnu ọ̀nà. Ní 1932, a dá ilé ìkàwé kan sílẹ̀ ní Èkó pẹ̀lú ìrànwọ́ àjọ Carnegie ti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá san owó ẹgbẹ́ nìkan ni ó ń lò ó, ọ̀pọ̀ ará ìlú kò sì rí ẹsẹ̀ wọ ibẹ̀. Nítorí irú èyí ni àjọ UNESCO ṣe wí nínú ìkéde rẹ̀ ti 1994, èyí tí a tún ṣe ní 2022, pé ọ̀fẹ́ ni ó yẹ kí ilé ìkàwé gbogboògbò jẹ́, àti pé ẹrù ìjọba orílẹ̀-èdè àti ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ìjọba ni yóò sanwó. Ta ni yóò wá rí i pé ìjọba san án, àti pé owó tí ó san dé ibi tí ó yẹ?

Ẹ̀yin ìyá ọ̀dọ́, kò sí ẹni tí ó lè dáhùn ìbéèrè yìí ju ẹ̀yin lọ, nítorí pé iṣẹ́ tí ẹ ń fi owó oúnjẹ ṣe lójoojúmọ́ ni. Ká ní ilé ìkàwé wa jẹ́ yàrá 2, tí ó ní ìjókòó 40 àti ìwé 2,000. Àpò mẹ́ta ni ó yẹ kí owó rẹ̀ wà, gẹ́gẹ́ bí owó ilé ti í rí.

Àpò kìn-ín-ní ni ti oṣooṣù. Inú rẹ̀ ni owó oṣù olùtọ́jú ìwé yóò ti jáde, òun ni a sì gbọdọ̀ kọ́kọ́ san, nítorí pé ìwé tí kò ní olùtọ́jú yóò sọnù lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Inú rẹ̀ náà ni owó iná, owó omi, ọṣẹ àti ìgbálẹ̀, àti owó ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ yóò ti wá. Ẹ má ṣe fojú kéré ọ̀rọ̀ omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọmọbìnrin tí kò rí ibi yà sí kò ní lè jókòó kàwé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, pàápàá ní àkókò nǹkan oṣù rẹ̀.

Àpò kejì ni ti ọdọọdún. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ó yẹ kí ẹnìkan ti gun òrùlé, kí ó wo ibi tí ìṣó ti yọ, kí ó sì kó ewé kúrò nínú gọ́tà. Páànù kan tí ó jò lè ba pẹpẹ ìwé kan jẹ́ lóru ọjọ́ kan. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku ni ọ̀tá. Ó yẹ kí a nu ìwé, kí a sì fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé. Ikán ní tirẹ̀ kò ní àkókò. Nítorí náà, kí a má ṣe jẹ́ kí pẹpẹ ìwé fara kan ògiri, kí a fi àlàfo sílẹ̀ tí ọwọ́ lè wọ̀, kí a sì máa wo ẹsẹ̀ pẹpẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Inú àpò yìí náà ni owó àtúndì ìwé tí ó ti ya yóò ti wá, nítorí pé a lè ti ara dídì dá ẹ̀mí ìwé tí ọmọdé fẹ́ràn sí i fún ọdún púpọ̀.

Àpò kẹta ni èyí tí a sábà máa ń gbàgbé, tí mo fẹ́ pè ní kóló òrùlé. Bí a bá ṣí ilé tuntun lónìí, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí páànù yóò dípẹtà, tí àga yóò dá, tí bátìrì ẹ̀rọ amúnáwá oòrùn yóò kú. Kò sí èyí tí yóò jẹ́ ìyàlẹ́nu. Ohun tí a bá ń fi pamọ́ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù ni yóò rà á padà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń dá èésú nítorí owó ilé ìwé ọmọ. Owó fọ́tòkọ́pì, owó ìtanràn ẹni tí ó dá ìwé padà pẹ́, àti owó yíyá gbọ̀ngàn fún ìpàdé lè wọ inú kóló yìí, ṣùgbọ́n wọn kò lè rọ́pò owó ìjọba.

Owó tí ó wọlé gbọdọ̀ ní rìsíìtì, owó tí ó jáde gbọdọ̀ ní rìsíìtì, méjèèjì ni a ó sì kọ sínú ìwé kan náà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni méjì ni yóò máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde ní báńkì. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí a ka gbogbo ìwé, kí a sì kọ iye tí ó kù. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí a lẹ àkọsílẹ̀ kúkurú mọ́ ara ògiri, kí ará ìlú tí ó bá mọ̀wé kà lè rí i.

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé ìṣirò owó ìlú kò kan obìnrin, kò mọ ìtàn Ẹ̀gbá. Ní 1914, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí orúkọ bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Thomas, wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí Abẹ́òkúta Gírámà Sukúù gbà wọlé. Nígbà tí ó dàgbà, ó kó àwọn obìnrin ọ̀làjú jọ sínú ẹgbẹ́ kan. Nígbà tí ó sì di 1944 àti lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé kíkà, títí ẹgbẹ́ náà fi di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta ní 1946. Owó orí tí a ń gbà lọ́wọ́ obìnrin ni ó ká wọn lára. Wọ́n kọrin, wọ́n wọ́de lọ sí ààfin, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ohun kan sí i: wọ́n gba onímọ̀ ìṣirò owó, wọ́n ní kí ó yẹ ìwé owó ìjọba ìbílẹ̀ wò. A dá owó orí náà dúró, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá sì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, kí ó tó padà ní 1950. Obìnrin tí kò tí ì pẹ́ tí ó mọ ABD ni púpọ̀ nínú wọn, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó ń sanwó ní ẹ̀tọ́ láti rí ìwé owó.

Kò pọn dandan kí á wọ́de lónìí. Ohun tí ó kù fún wa rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ta ilé ìkàwé lọ́rẹ, ẹ má ṣe kó ìwé tí ikán ti jẹ lọ fún wọn. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n ṣaláìní, bóyá páànù méjì ni tàbí àga mẹ́rin. Bí ẹgbẹ́ ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí bá lè yan ẹni méjì tí yóò máa bá olùtọ́jú ìwé jókòó lóṣooṣù, yóò sàn ju ayẹyẹ ọdọọdún lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ní Sátidé tí ń bọ̀, ẹ mú ọmọ yín lọ́wọ́ lọ sí ilé ìkàwé tí ó súnmọ́ yín jù lọ. Bí ọmọ bá ti jókòó tí ó ń kàwé, ẹ gbójú sókè wo àjà bóyá òjò ti fi àmì sí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ pẹpẹ bóyá ikán ti dé. Ẹ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí olùtọ́jú ìwé, kí ẹ sì bi í pé oṣù wo ni wọ́n san owó rẹ̀ gbẹ̀yìn, àti pé níbo ni àkọsílẹ̀ owó ọdún yìí wà.