Iṣẹ́ Àwa Tí Ń Fi Ìdárayá Wo Ara Ríro

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé iṣẹ́ àwa oníṣẹ́ físíò kò ju kí á fi òróró ra aláìsàn lára, kí á na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, kí á sì ní kó máa lọ sílé. N kò sì bá wọn jà sí i, nítorí àwọn tí ń fi ọwọ́ ra ara ni wọ́n dá ẹgbẹ́ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1894, àwọn nọ́ọ̀sì mẹ́rin kó ara wọn jọ níbẹ̀, kí àwọn oníṣekúṣe má baà ba orúkọ iṣẹ́ wọn jẹ́.

Ogun ló gbé iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ wa. Èkó Àkéte, ilẹ̀ ọgbọ́n, ló kọ́kọ́ sọ̀ sí, ní ilé ìwòsàn egungun tó wà ní Ìgbóbì, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Òyìnbó méjì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1945. Ní ọdún yẹn kan náà ni Thomas DeLorme, dókítà ọmọ ogun Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa bí òun ṣe ń fún àwọn jagunjagun ní irin wíwúwo gbé kí iṣan wọn lè padà bọ̀ sípò, nígbà tí àṣà ṣì jẹ́ kí á máa fi ohun fífúyẹ́ tọ́jú irú wọn. Nígbà tó yá, ó to ọ̀nà náà lẹ́sẹẹsẹ: kí aláìsàn wá ìwọ̀n irin tí kò lè gbé ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ, kí ó kọ́kọ́ gbé ìdajì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ó gbé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ó tó wá gbé odidi rẹ̀, bó bá sì ti ń lágbára sí i, kí á máa fi kún un. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Iṣan ara kò mọ ọ̀nà mìíràn.

Ní Ìbàdàn Mesí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ni yunifásítì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní iṣẹ́ yìí ní ọdún 1966, níbẹ̀ ni èmi náà sì ti kọ́ ọ ní àwọn ọdún 1980. Nígbà náà, ẹni tí ẹ̀yìn bá ń ro, ìdùbúlẹ̀ lórí ibùsùn líle àti iná amáragbóná ni à ń yàn fún un. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan láti Helsinki, ní ilẹ̀ Finland, tí a tẹ̀ jáde ní 1995, fi hàn pé nínú àwọn tí ẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ro, àwọn tó ń bá iṣẹ́ òòjọ́ wọn lọ níwọ̀n bí ara ṣe gbà wọ́n láyè yá ju àwọn tí a ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ méjì lọ.

Ìrora tó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ kì í ṣe ọmọ ìyá ìrora àná. Ọgbẹ́ lè ti jiná kí ìrora ṣì jókòó sílé. Àwọn onímọ̀ méjì kan, Melzack àti Wall, ti là á yé wa láti ọdún 1965 pé ohun kan tó dà bí ẹnu ọ̀nà wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, tó lè ṣí tàbí kó pa dé kí ìròyìn ìrora tó dé ọpọlọ, àti pé ohun tí ń bẹ lọ́kàn ènìyàn lọ́wọ́ nínú ṣíṣí àti pípadé náà. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ́ aláìsàn pé kí ó tẹ̀ba pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ó máa kíyè sí èémí rẹ̀, kí ó sì mọ ibi tí ìrora dópin sí àti ibi tí ìbẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwọn ìyá oníṣòwò tí ń gbé ẹrù wúwo kì í wọ́n lọ́dọ̀ mi. “Dókítà, ẹ ṣáà bá mi fi òróró ra á, ẹ má ní kí n gbé nǹkan kan o,” ni wọ́n máa ń wí. Èmi a sì dáhùn pé, “Ẹ̀yin ìyá mi, èmi kọ́ ni n ó bá yín gbé ẹrù lọ́la.” Bí ó bá ti dá mi lójú pé ẹsẹ̀ kò kú tipiri, pé ìtọ̀ kì í dá wá fúnra rẹ̀, pé ibà kò sì sí lára, nítorí dókítà ní í kọ́kọ́ rí irú ìyẹn, mo máa ń ní kí wọ́n dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti í, kí wọ́n gbé garawa omi tí kò kún láti orí àpótí, kí ó tó di láti ilẹ̀, kí ìbàdí àti orúnkún máa tẹ̀ pọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìrora ní í lọ tán. Ṣùgbọ́n láti ìgbà àwọn nọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù títí di òní, ohun tí mo rí nínú ìtàn iṣẹ́ yìí ni pé ọwọ́ tiwa ń dín lára aláìsàn, agbára tirẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá sì ti lè gbé ẹrù rẹ̀ láìwá mi mọ́, owó rẹ̀ ti tán lọ́dọ̀ mi, iṣẹ́ mi sì ti yọrí.